Ẹ Má Fi Bátìrì Sí Gìtá Mi

Ẹjọ́ ni mo wá rò. Mi ò wá tọrọ owó, mi ò sì wá pín ìwé ìpè ìnáwó. Èmi ni mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Thamesmead Moorings, ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àdúgbò tó jẹ́ pé bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 472 láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, "ẹ káàárọ̀ mà" lẹ óò máa gbọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ ni mò ń ta gìtá náà. Pásítọ̀ ní èrè mi ń bẹ lọ́run, mo sì ṣe àmín. Àmọ́ ayé níbí ni wọ́n ti ń ta okùn gìtá, wọn kì í sì í gba àmín ní kántà.

Ohun tó dùn mí ni pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣèpàdé lórí ohun tó yẹ kó wà nínú ikùn gìtá mi: ṣé kí wọ́n yọ pickup passive tó wà níbẹ̀ kí wọ́n fi active rọ́pò rẹ̀, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo ẹni tó lẹ́nu ló ti dá sí i. Díákónì dá sí i. Ìyá Ìjọ dá sí i. Arábìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí kò fọwọ́ kan gìtá rí láyé ẹ̀, bi mí bóyá mo ti gbàdúrà sí i. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èmi rèé, mo jókòó síbẹ̀, orí mi ni wọ́n ń fá, èmi náà ni wọ́n tún ní kí n bá wọn gbé abẹ dání.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ kì í ta gìtá. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ṣiṣẹ́, ni à ń pè ní pickup. Mágnẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wé wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun mọ́ ọn lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ti Stratocaster, gìtá tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1954, tó nǹkan bí 8,000 ìgbà. Bí okùn onírin bá gbọ̀n lókè mágnẹ́ẹ̀tì náà, iná tíńtín á jí nínú wáyà bàbà yẹn, á gba inú wáyà gìtá lọ sínú ámpù, ámpù á wá sọ ọ́ di ohun tí à ń jó sí. Kò sí bátìrì, kò sí ṣájà. Passive nìyẹn. Ti active yàtọ̀. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohùn tó ń mú wá kò lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ti ki ámpù kékeré kan bọ inú pickup fúnra rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn náà sókè kó tó jáde nínú gìtá. Ámpù kékeré yẹn ló ń jẹ bátìrì, èyí onígun mẹ́rin oní-fólítì 9, irú èyí tó máa ń wà nínú agogo èéfín tí wọ́n kàn mọ́ àjà ilé.

Ẹ rántí agogo èéfín yẹn o. A ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ariwo. Ilé ìjọsìn wa kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ fún ìjọsìn. Ilé ìkẹ́rùsí ni, láàárín àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe àti àwọn tó ń kó férémù fèrèsé. Iná ọ̀pá gígùn ló wà lókè, ẹ̀rọ amúlétutù kan wà tó ń gbọ̀n bíi pé ibà ń ṣe é, Pásítọ̀ sì tún ra iná aláwọ̀ mèremère sórí pẹpẹ, pẹ̀lú dimmer tó ń mú un ṣẹ́jú, tó ń mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orin ìjọsìn bá rọlẹ̀. Gbogbo iná wọ̀nyí ló ń mí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iná ìjọba ilẹ̀ yìí ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Nàìjíríà lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá. Pickup inú gìtá mi sì jẹ́ irú tí àwa onígìtá ń pè ní single coil, ìdì wáyà kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀yàtọ̀ láàárín okùn gìtá àti iná pẹpẹ. Ohunkóhun tó bá ti ń mí iná nítòsí, ó ń gbé e wọlé. Bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò lára okùn, hùn-ùn-ùn! Bí mo bá gbọ́wọ́ lé okùn padà, ó dínkù, nítorí a so okùn mọ́ ilẹ̀ iná láti inú gìtá wá.

Bẹ́ẹ̀ ni Pásítọ̀ sì máa ń fẹ́ kí gbogbo ilé parọ́rọ́ kó tó gbàdúrà. "Ẹ dákẹ́ níwájú Olúwa." Gbogbo ìjọ á dákẹ́. Hùn-ùn-ùn.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ gìtá mọ̀: ariwo yìí máa ń yí padà bí ẹ bá ṣe yí gìtá sí. Mo wá a. Bí mo bá kọjú sí ìjọ, ó ń kùn. Bí mo bá yí díẹ̀ sí apá kíbọ́ọ̀dù, ó ń kùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀yìn sí pẹpẹ pátápátá, tí mo dojú kọ ilẹ̀kùn ìjáde níbi tí wọ́n to àga oníke jọ sí, á dákẹ́ wọ̀ọ̀, ẹ óò máa gbọ́ bí àgbàlagbà kan ṣe ń tú bébà súìtì ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo wá ń dúró. Ọjọ́ Àìkú kejì kò tíì parí tí Ìyá Ìjọ fi ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, kí ni pẹpẹ fi ṣe ọ́?"

"Mọ́mì, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Iná ni."

"Iná wo? Iná Ẹ̀mí kì í kùn."

Mo ṣàlàyé mágnẹ́ẹ̀tì fún wọn. Mo ṣàlàyé wáyà bàbà. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ń mi orí, wọ́n sì kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tí wọ́n máa gbàdúrà fún lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ibi tí brọ́dà tó ń ta bẹ́ẹ̀sì ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ ń lo bátìrì, gbogbo ìpàdé ló sì ti ń fi yangàn. "Ẹ ti gbọ́ kí bẹ́ẹ̀sì mi kùn rí?" A kò gbọ́ ọ rí lóòótọ́, nítorí bó ṣe ń ta á, èèyàn kò lè gbọ́ ohun mìíràn kankan, títí kan ìwàásù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti bẹ́ẹ̀sì yàtọ̀." Láti ìgbà tí Leo Fender àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀sì StingRay jáde ní ilé iṣẹ́ Music Man ní 1976, ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní active ló jẹ́ pé pickup inú rẹ̀ kò jẹ bátìrì rárá, kóńtíróòlù tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kún un, tó ń yọ tòkè, ni bátìrì ń bọ́. Humbucker, pickup onídì wáyà méjì, ló sì wà nínú bẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni kò ṣe kùn. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kí n tó dé ilẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì.

Wọ́n ní kí n máa lo gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ná, kí n fi mọ adùn active. Ẹ wo gìtá yìí dáadáa. Dúdú ni, orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Wọ́n rà á lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó ń kó kúrò nílé, agbárí òkú mẹ́ta ló sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tó dé. Àwọn arábìnrin fi ọ̀bẹ ìdáná ha méjì kúrò, ẹ̀kẹta kọ̀, wọ́n fi sítíkà ìkórè bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè irú orin tí gìtá bẹ́ẹ̀ ti ń kọ kó tó gba Jésù. Ọdún 1976 náà ni Rob Turner dá ilé iṣẹ́ EMG sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, pickup active rẹ̀ ló sì di ohun ìjà àwọn onírọ́ọ̀kì tí ń fi gìtá ké bí ẹkùn: James Hetfield àti Kirk Hammett ti Metallica, Zakk Wylde, àti àwọn mìíràn tí irun wọn dé ìdí. Nítorí àtita gìtá pẹ̀lú ariwo ńlá láìjẹ́ kí ariwo iná dá sí i ni àwọn wọ̀nyẹn ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò sọ èyí ní ìpàdé. Wọn ì bá ta òróró sí i, òróró kì í sì í ṣe ohun tí pickup ń fẹ́.

Ká má parọ́, ó ní ohun tó dára. Ó dákẹ́. Mo kọjú sí ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ pípẹ́, mo rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ kọ́tìnì. Ohùn rẹ̀ kì í sì í kú sínú wáyà gígùn. Ti passive, bí wáyà bá ti gùn, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn òkè á máa ṣá; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọdé tó ń bójú tó sọ́ọ̀ndì ní tiwa gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngán lọ́hùn-ún, nítòsí oúnjẹ. David Gilmour ti Pink Floyd pàápàá ta EMG fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí Stratocaster pupa rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní aláriwo. Bó bá jẹ́ irú orin tirẹ̀ là ń kọ, tàbí ti Metallica, ẹjọ́ mi ti tán.

Orin wa kọ́. Tiwa ni jùjú tó gba Jésù, pẹ̀lú àwọn orin láti Gánà àti Kóńgò tí a ti kó mọ́ra. Láti 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti so ẹ̀rọ mọ́ gìtá nínú jùjú, iṣẹ́ gìtá lọ́wọ́ Yorùbá ni láti sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé: gìtá kan ń bi ìkejì léèrè, ìkẹta ń dá sí i, kò sí èyí tó ń pariwo mọ́ èkejì. Bí mo bá rọra fọwọ́ kan okùn, ó yẹ kó kẹ́lẹ́. Bí mo bá fà á, ó yẹ kó gbó mọ́ yín. Active inú gìtá dúdú yẹn, bí mo ṣe rọra ta á tàbí bí mo ṣe fi ìbínú ta á, ohùn kan náà ló ń fún mi, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn kan lè fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mò ń ta á.

Ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Bátìrì ni.

Ìdúpẹ́ ìdílé kan ni lọ́jọ́ náà. Ìwé ìgbélùú wọn ti jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, wọ́n ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, bàbá ìdílé ti dọ̀bálẹ̀ nígbà mélòó kan. Ibẹ̀ ni gìtá dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ fún, ó wá ń fọ́ bí rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa, ó ké gbì nígbà méjì, ó sì dákẹ́. Mo ṣì ń ta á o. Ọwọ́ mi ń lọ, ejìká mi ń lọ, kò sí nǹkan kan tó ń jáde. Oníkíbọ́ọ̀dù wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gba orin náà lọ bí ẹni gba ogún.

Ohun tó fà á kò le. Nínú gìtá active, ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ ló ń ṣí i, òun náà ló ń pa á. Bí wáyà bá ti wọlé, bátìrì ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ ta á o, ẹ má ta á o, ẹ gbé e ti ògiri kí ẹ lọ sun oorun yín. Ilé iṣẹ́ EMG ní bátìrì kan lè bọ́ ẹyọ kan nínú pickup wọn tí wọ́n ń pè ní 81 fún nǹkan bíi wákàtí 3,000. Bí pickup bá di méjì, ẹ pín in sí méjì. Bí a bá ń lò ó fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, bátìrì náà á darúgbó kó tó tán. Ṣùgbọ́n wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá gbàgbé wáyà sínú rẹ̀, bátìrì tuntun tó ń bọ́ pickup méjì kò ní í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ta ló gbàgbé wáyà sínú rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ló ń lò ó fún ìdánrawò, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn kọ́. Oníbẹ́ẹ̀sì ní òun kọ́. Gbogbo ilé jẹ́ mímọ́.

Wọ́n ní kí arákùnrin kan tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sáré lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Ó sáré lóòótọ́, òógùn bò ó. Ó kó bátìrì rìmóòtù mẹ́rin wá. Díákónì wo àjà, ó nawọ́ sí agogo èéfín, ó ní, "Ṣé irú èyí kọ́ ni?" Irú rẹ̀ ni. Ó ti ń wá àga tí yóò gùn. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, bí ilé yìí bá gbiná, ta ni yóò jí wa?" Ó ní ọjọ́ ìdúpẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tí ilé ń jóná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àga oníke kò gba ìwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo ra bátìrì lápò ara mi, mo mú rìsíìtì lọ bá akápò. Akápò ní kò sí ìlà bátìrì nínú ìṣirò ọdún yìí. Ìlà àbẹ́là wà, ìlà òdòdó wà. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wo rìsíìtì náà, ó ní, "Dádì, gìtá yìí ti fẹ́ máa jẹun ju àwọn ọmọ lọ."

Ẹ ṣáà máa gbọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ tún fẹnu kò pé kí n fi active sínú gìtá tèmi. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kì í ṣe kí a yọ ọ̀kan kí a fi ìkejì sí i. Kóńtíróòlù tí passive single coil ń lò máa ń jẹ́ 250k, ti active 25k. A ó yọ gbogbo rẹ̀. Ihò wáyà náà, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lè ṣí bátìrì kó sì pa á. Bátìrì fúnra rẹ̀ ń wá ibi tí yóò sùn, kò sì sí yàrá nínú gìtá mi; wọ́n á gbẹ́ igi ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó dá iye kan tí mo lè fi ra gìtá mìíràn. Mo gbé iye náà padà wá fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní àwọn fọwọ́ sí i, kí n lọ san án.

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ariwo ti wà láyé kí bátìrì tó wọ gìtá. Seth Lover ti ilé iṣẹ́ Gibson ló ṣe é ní 1955: ìdì wáyà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí mágnẹ́ẹ̀tì àti wíwé ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti ìkejì. Ariwo iná á wọ inú méjèèjì, wọ́n á pa á láàárín ara wọn. Ohùn okùn nìkan á jáde. Humbucker nìyẹn, passive ni, kì í jẹ nǹkan kan. Wọ́n tún ti ṣe èyí tí ìdì méjì gun orí ara wọn nínú àpótí single coil, kí adùn má baà yí padà púpọ̀. Àní nínú gìtá tèmi yìí, wọ́n wé pickup àárín ní òdìkejì àwọn méjì yòókù, tó fi jẹ́ pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì sáàárín pickup méjì, ariwo dákẹ́ fúnra rẹ̀, ohùn tó sì ń jáde níbẹ̀ ni ohùn jùjú gan-an, tó mọ́, tó ń dún bí ẹni ń fi imú sọ̀rọ̀. Olórí orin ní òun kò fẹ́ ohùn imú nígbà ìjọsìn. Òun fúnra rẹ̀, imú ló fi ń kọrin.

Ní ìdánrawò ọjọ́bọ̀ kan, mo kọ́kọ́ dé, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo so gìtá mi mọ́ ámpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ọ̀pá: ó dínkù díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù: kò ṣe nǹkan kan. Dimmer iná pẹpẹ: ariwo náà já bọ́, ó ku tíńtín tí ìlù kan ṣoṣo á bò. Mo tàn án padà, ó padà. Mo pe oníkíbọ́ọ̀dù kó wá jẹ́rìí, òun náà gbọ́ ọ. Mo lọ bá Pásítọ̀ pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ yìí.

Pásítọ̀ ní, "Brọ́dà onígìtá, a ò lè jọ́sìn nínú òkùnkùn."

Mo ní, "Sà, kì í ṣe kí a pa iná. Kí a kàn yọ èyí tó ń mú un ṣẹ́jú ni."

Ó ní àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Ó ní active ni ìgbìmọ̀ ti pinnu. Ó gbá mi léjìká, ó ní Ọlọ́run á pèsè.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó bá ń ta rọ́ọ̀kì líle, tàbí tí wáyà rẹ̀ gùn, tó sì mọ̀ pé òun á máa yọ wáyà lójoojúmọ́, kó ra active, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá ń ta jùjú, háì-láìfù tàbí orin ìyìn, kó dúró ti passive. Bí ariwo bá ń dà á láàmú, kó ra humbucker tàbí single coil onídì-méjì, kó sì wo iná ilé tó wà kó tó wo gìtá. Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kàn jẹ́ ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méje alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Thamesmead, Abbey Wood àti Plumstead tí ẹ mọ Pásítọ̀ wa, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yọ dimmer yẹn. Bí kò bá yọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ìjáde ni mo máa kọjú sí lọ́jọ́ Àìkú.